Ta la máa fẹjọ́ sùn báyìí tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ iná ti di ti ìpínlẹ̀?

Sẹ́kítírì Àdúgbò:

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti fẹ́ sú mi. Èmi ni sẹ́kítírì ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa, bẹ́ẹ̀ mi ò kọ́lé o, ayálégbé ni mí, wọ́n kàn ní èmi ni mo mọ̀wé kọ ni wọ́n ṣe gbé e lé mi lórí. Ẹja yìnyín ni mò ń tà, fírísà mẹ́ta ni mo ní, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Tíráńsífọ́mà wa bú lálẹ́ Sátidé kan. Ó kọ́kọ́ ń kùn bí oyin, a rò pé bó ṣe máa ń ṣe náà ni, ìgbà tó yá ó dún gbòlà, iná kan bùyẹ̀rì lókè òpó, gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn biribiri. Kó tó di àárọ̀ Sọ́ńdè òróró ti ń kán nídìí ẹ̀, àwọn ọmọ kan ti gbé ike wá láti gbè é, àwa la fi igi lé wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnì iná dé lọ́jọ́ Túsìdè (mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnì o, kí wọ́n má lọ wá já wáyà mi), wọ́n gun òkè, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó ti kú pátápátá, pé kò sí òmíràn ní sítọ́ọ̀, pé àwọn á kọ orúkọ wa sílẹ̀, àmọ́ tá a bá fẹ́ kó yá kí á lọ dáwó jọ. A sì dáwó. Ilé méjìléláàádọ́rùn-ún, ₦100,000 ilé kan, àwọn opó àtàwọn arúgbó san ìdajì. Oṣù mẹ́rin ló gbà wá kówó tó pé. Nínú oṣù mẹ́rin yẹn àwọn tí ò ní mítà láàárín wa ń gba bíìlì lóṣooṣù, bíìlì iná tí ò sí! Èmi fúnra mi ju ẹja páálí mẹ́fà nù.

Ìbéèrè mi rèé. A kọ lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n ní ibẹ̀ la ti ń fẹjọ́ kọ́ńpìnì iná sùn, ọ̀gbẹ́ni tá a bá níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ yín ti kúrò lọ́wọ́ wa, ìpínlẹ̀ yín ti gbà á. A dé ti ìpínlẹ̀, wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò àga ni. Ta ló wá ni wá báyìí? Ẹnì kan tún dìde ní mítìnnì, ó ní ní Enugu wọ́n ti já owó iná wálẹ̀ látìgbà tí ìpínlẹ̀ ti gbà á, pé tiwa náà máa já, ni gbogbo èèyàn bá pàtẹ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wá ni?

Ṣọlá_Gbẹ̀ẹ́:

Ha, ẹ kú ìforítì ma. ECN lorúkọ àjọ iná wa nígbà ìyá màmá mi, ó di NEPA, ó di PHCN, ó di DisCo (àwọn kọ́ńpìnì tó ń pín iná), ní báyìí wọ́n ní ó ti di ti gómìnà. Tí iná bá dé lónìí ṣáá, "Up NEPA" náà làwọn ọmọ máa pariwo. Ẹ pẹ̀lẹ́ ti ẹja yẹn o.

Baba Kọntíróòlù:

Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún 27 ni mo fi ṣiṣẹ́ iná kí n tó fẹ̀yìn tì, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ní kọntíróòlù rúùmù, torí náà ẹ jẹ́ n là á díẹ̀, ó máa gùn o, ẹni tí ò bá lè kà á kó máa fò ó lọ.

Nígbà tá a dénú iṣẹ́, NEPA ló ni gbogbo ẹ̀. Ó ń ṣe iná, ó ń gbé e, ó ń pín in, ó ń gbowó, òun náà ló tún ń gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n bá pè é. Láti 1972 nìyẹn, nígbà tí wọ́n pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ni ìsédò Kainji. Ọdún 2005 ni òfin mìíràn dé, orúkọ yí sí PHCN, wọ́n sì dá NERC sílẹ̀ pé kó máa ṣe alámòójútó, kó máa sọ iye tí wọ́n á tà á fún wa. Wọ́n wá gé PHCN sí 18: mẹ́fà ń ṣe iná, mọ́kànlá ń pín in, ẹyọ kan tó kù, TCN, ló ń gbé e láti ibi tí wọ́n ti ṣe é dé ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń pín in. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013 ni wọ́n kó ti ìpín-iná àti ti ìṣe-iná fáwọn aládàáni. TCN ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba títí dòní.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní 2023? Tẹ́lẹ̀, ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣòfin iná, àmọ́ ibi tí gíríìdì, ìyẹn wáyà ńlá tó so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, ò bá dé nìkan. Ẹ bá mi rò ó, ibo ni wáyà gíríìdì ò dé tí èèyàn tún pọ̀ níbẹ̀ débi tí ẹnikẹ́ni á fi da owó síbẹ̀? Àwọn gómìnà pariwo ọ̀rọ̀ yìí títí. Bùhárí ló fọwọ́ sí àtúnṣe tó yọ gbólóhùn yẹn dànù ní oṣù kẹta 2023, Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Iná tuntun ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Láti ìgbà yẹn, ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè ní òfin tiẹ̀, alámòójútó tiẹ̀, kó fún èèyàn níwèé àṣẹ láti ṣe iná, láti gbé e, láti pín in, láàárín ààlà tiẹ̀.

Ọmọ mi Sẹ́kítírì, ohun tí mo fẹ́ kó yé ẹ nìyí: alámòójútó ló kó lọ sí ìpínlẹ̀, iná ò kó lọ síbẹ̀. Iná tó ń wọ ìlú yín ṣì ń gba orí wáyà ńlá 330 àti 132 kílófóltì wá, ìyẹn ò di ti gómìnà kankan torí ó ń ré ìpínlẹ̀ kọjá. Tó bá wó lókè lọ́hùn-ún, alámòójútó tó wà nílé yín ò lè fi ìka kàn án.

Torí wọ́n á tún bi mí pé kí ló ń jẹ́ gíríìdì wó: nǹkan kan wà tí ojú wa kì í kúrò lára ẹ̀ ní kọntíróòlù, 50. 50 hertz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń yí po láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń ṣe iná, láti Kainji dé Ẹ̀gbìn, ìṣísẹ̀ kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ jọ máa gbé. Ó dà bí ẹni mẹ́fà tó jọ ru ìtì igi kan. Tí ọ̀kan bá ṣàdédé yọ orí, ẹrù ẹ̀ bọ́ sọ́rùn àwọn márùn-ún. Tí ẹnì kan bá wà nínú wọn tó ṣì lágbára tí kò tíì lò, á mú un mọ́ra, ìtì igi á mì díẹ̀, á dúró. Tí gbogbo wọn bá ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, ńkọ́? Ìkejì á yọ orí kí ọrùn ẹ̀ má bàa ṣẹ́, ìkẹta á yọ, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú igi ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá ni, mo ti wo abẹ́rẹ́ yẹn kúrò ní 50, ó bọ́ sí 49, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ mọ́ nínú yàrá. Ní oṣù kẹwàá 2024, ó wó lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Agbára àjẹṣẹ́kù yẹn la ò ní, ẹ̀rọ tá a kọ sínú ìwé ju 13,000 mẹ́gáwáàtì lọ àmọ́ ọjọ́ tó dáa jù lọ tí mo gbọ́, bíi 5,800 ló dé orí wáyà, oṣù kẹta 2025 nìyẹn.

Ohun kan tí wọ́n ṣe tó dùn mọ́ mi nínú ni NISO, àjọ tó ń darí gíríìdì. Tẹ́lẹ̀ TCN ló ni wáyà, òun náà ló tún ń sọ ẹni tó máa gbéná sórí wáyà àti ẹni tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyẹn dà bí ìyálọ́jà tó ń ta gààrì tó tún di kóńgò gbogbo ọjà mú. Ní 2024 ni wọ́n yọ iṣẹ́ kọntíróòlù kúrò lára ẹ̀, wọ́n dá NISO sílẹ̀ fún un. Bóyá ó máa ṣiṣẹ́, a ṣì ń wò.

Wẹ́dà Ọmọ Ògún:

Bàbá ẹ ṣeun, ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi, gbogbo àlàyé yìí dùn, iná ni mò ń jẹ, mi ò jẹ àlàyé. Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ni mo ní. Oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n fi owó Band A (ìsọ̀rí àwọn oníbàárà tó yẹ kí iná wọn pọ̀ jù) lé ₦225 yúníìtì kan láti ₦68, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi kéde ẹ̀, mo ti gba iṣẹ́ géètì méjì lówó àtijọ́, èmi ni mo fi àpò mi san ìyókù. Wákàtí 20 ló yẹ kí Band A ní lójúmọ́. Mo gbé ìwé kan kọ́ sára ògiri, mo ń fi bírò sàmì sí i tí iná bá dé tó bá tún lọ. Wákàtí 13, 15, ọjọ́ kan 9. Mo mú ìwé yẹn lọ sí ọ́fíìsì wọn, ọmọ ibẹ̀ ní "kọ̀ǹpútà wa ò sọ bẹ́ẹ̀ sir".

Ní ti Enugu, òótọ́ ni ma. Alámòójútó wọn já Band A láti bíi ₦209 sí ₦160, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ 2025. Torí náà ẹni tó sọ ọ́ ní mítìnnì yín ò purọ́. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n gbé tiwa náà wá nìyẹn, gómìnà a sún mọ́ wa ju Àbújá lọ, a lè lọ dúró síwájú ọ́fíìsì ẹ̀.

Baba Kọntíróòlù:

Ọmọ Ògún, fara balẹ̀. Enugu já a lóòótọ́, àmọ́ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Iye tí wọ́n kà sí owó tí wọ́n fi ń ra iná lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, iye tí ìjọba àpapọ̀ ti bá gbogbo wa gé lára ẹ̀ ni. Àwọn tó ń ṣe iná yarí lọ́gán, wọ́n ní ta ló máa san ìyókù? Ẹ sì rántí pé gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn èèyàn yẹn láti ẹ̀yìn ti tó bíi tírílíọ̀nù mẹ́rin náírà ní 2025. Afẹ́fẹ́ gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe é, dọ́là ni wọ́n fi ń díyelé e. Alámòójútó ìpínlẹ̀ lè wo èrè kọ́ńpìnì, ó lè wo iná tó ń jò dànù, ó lè wo owó tí wọ́n ní àwọn fi ra mọ́tò tí kò sí mọ́tò. Ìyẹn ló lè gé. Kò lè gé owó gáàsì. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ kó wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ á yọwó lápò ara ẹ̀, gómìnà mélòó ló máa ṣe é lẹ́yìn ìbò?

Wẹ́dà Ọmọ Ògún:

Bàbá mo gbọ́, àmọ́ ẹ ò rí i pé ẹ̀yin náà ti sọ ọ́? Owó mọ́tò tí kò sí mọ́tò. Láti Àbújá, ta ló ń wò ó? Kí ẹnì kan tó wà nítòsí wò ó, ó tán. Mi ò ní kí wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwẹ́ Lọ́yà:

Sẹ́kítírì ma, ẹ kú wàhálà. Bàbá ti sọ ìdí ẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ibi tẹ́ ẹ máa gbà wọlé.

Kì í ṣe ọjọ́ tí gómìnà fọwọ́ sí òfin iná ìpínlẹ̀ ni agbára bọ́ síbẹ̀. Abala 230 nínú Òfin 2023 ló là á sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ á ṣòfin, á dá alámòójútó sílẹ̀, á kọ̀wé sí NERC. NERC á wá gbé ìwé àṣẹ jáde tó máa dá gbèdéke oṣù mẹ́fà. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn DisCo tó wà níbẹ̀ á ní láti dá ọmọ-kọ́ńpìnì kan sílẹ̀ tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ yẹn nìkan, á kó òpó, wáyà, tíráńsífọ́mà, òṣìṣẹ́ àti oníbàárà tó wà níbẹ̀ fún un, ọmọ-kọ́ńpìnì náà á sì lọ gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Èkìtì, Oǹdó àti Enugu wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní 2024, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó tẹ̀lé wọn. Ti Èkó, oṣù kejìlá 2024 ni ìwé àṣẹ jáde, ó sì dá gbèdéke fún wọn di oṣù kẹfà 2025.

Ṣẹ́ ẹ wá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín? Inú oṣù mẹ́fà yẹn ni lẹ́tà yín bọ́ sí. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ yín ti kúrò lọ́wọ́ òun ti yá a sọ, ẹni tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò àga náà ti lọ́ra jù, ìkankan nínú wọn ò sì fún yín níwèé. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Ẹ béèrè ọjọ́ tí gbèdéke ti ìpínlẹ̀ yín pé. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ìpínlẹ̀ ló ni ín, kò sí àríyànjiyàn.

Àmọ́ ibi yòówù kẹ́ ẹ gbé e lọ, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín: ṣẹ́ ẹ ti kọ̀wé sí kọ́ńpìnì fúnra ẹ̀, kí sì ni èsì wọn? Lẹ́tà tí ẹ kọ tààrà sí ìjọba yẹn, ó fo ìgbésẹ̀ kan. Ẹ kọ ti kọ́ńpìnì, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹyọ kan pẹ̀lú déètì, ẹ mú tiyín wálé.

Ní ti tíráńsífọ́mà, ìlànà kan wà láti 2015 tí NERC ṣe lórí owó tí wọ́n ń ná sórí òpó àti wáyà. Ojúṣe kọ́ńpìnì ni láti ra tíráńsífọ́mà. Tí àdúgbò bá máa ra á, àdéhùn gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé kí owó tó jáde, níbi tí wọ́n ti kọ bí wọ́n ṣe máa dá owó yín padà, nígbà míì nípa yúníìtì iná. Torí náà ìbéèrè tèmi rèé kí n tó sọ síwájú: ìwé wo lẹ fọwọ́ sí?

Mama Tọ́pẹ́ Àkúté:

Ẹ má bínú mo fẹ́ já wọ̀ ọ́, àwa tá a wà ní Àkúté ńkọ́, Ògùn ni wá, àmọ́ Ìkẹjà Electric ló ń fún wa níná. Ṣé Èkó la máa lọ ni àbí Abẹ́òkúta?

Àwẹ́ Lọ́yà:

Mama Tọ́pẹ́, ilẹ̀ tí mítà yín dúró lé lórí ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe orúkọ tó wà lórí bíìlì. Ògùn nilé yín wà, ti Ògùn lẹ máa bá lọ. Ààlà yìí náà ń da àwọn kọ́ńpìnì láàmú o, IBEDC, kọ́ńpìnì iná ti Ìbàdàn, nìkan wà ní Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Kwara àti àwọn apá kan níbòmíì, kí wọ́n máa jíhìn fún ìpínlẹ̀ bíi mẹ́rin márùn-ún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ni.

Sẹ́kítírì Àdúgbò:

Mo ti dé o. Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì, mo kà á fún ọkọ mi pàápàá.

Ìwé tí Àwẹ́ béèrè yẹn, mo ní a ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Téélà báǹkì nìkan ni mo ní, pẹ̀lú rìsíìtì ẹni tó tà á fún wa, nọ́ńbà tíráńsífọ́mà wà lórí ẹ̀, 300 kVA. Mo wá rántí pé lọ́jọ́ tí wọ́n wá so ó, ọ̀gá enjinníà kan fún alága wa ní ìwé kan pé kó sáré fọwọ́ sí i kí àwọn lè tan iná. Gbogbo èèyàn ti ń jó nísàlẹ̀ nígbà yẹn, ta ló fẹ́ ka ìwé? Mo lọ bá Alága nílé ní àṣálẹ́ àná. Ó wá a títí, abẹ́ ìrọ̀rí àga ló ti yọ, ó ti ká sí mẹ́rin. Mo tàn án sábẹ́ fóònù mi. Òyìnbó ni gbogbo ẹ̀. Ó ní àwa ará àdúgbò fi tinútinú ta kọ́ńpìnì lọ́rẹ tíráńsífọ́mà kan, a ò sì ní béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ iwájú. Alága fọwọ́ sí i. Orúkọ mi, ÈMI sẹ́kítírì, ni wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ibi ìfọwọ́sí ṣófo.

Alága kàn ń wojú mi ni. Ó ní "ṣé a ò wá ní rí nǹkan kan gbà mọ́ ni?" Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún un, bàbá yẹn ta àpò sìmẹ́ńtì tó kù sí ilé ẹ̀ kó tó lè san tiẹ̀.

Ṣọlá_Gbẹ̀ẹ́:

LỌ́RẸ kẹ̀?? Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án?? Kí n lọ jókòó ná.

Wẹ́dà Ọmọ Ògún:

Ẹ rí i báyìí. Ẹ rí i. Ẹni tó ní kò sí ní sítọ́ọ̀, òun náà ló ti tẹ ìwé ọrẹ sílẹ̀ de yín. Kì í ṣe ẹyọ kan ni wọ́n máa ń tẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwẹ́ Lọ́yà:

Ma, ẹ má tíì sunkún. Ẹ má fọwọ́ sí ibi tó ṣófo yẹn o, ẹnikẹ́ni tó bá wá bẹ̀ yín, ì báà jẹ́ ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́. Kò sí ìdánilójú pé ìwé yẹn ò ní dá yín dúró, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ ọrẹ tí wọ́n fi iná dí èèyàn lójú kó tó fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí owó ti jáde tán, tẹ́nikẹ́ni nínú ilé méjìléláàádọ́rùn-ún ò jókòó lórí ẹ̀, ó ní ohun téèyàn lè sọ nípa ẹ̀. Ẹ ní mínítì mítìnnì tẹ́ ẹ ti dáwó, àbí?

Sẹ́kítírì Àdúgbò:

Mo ní. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "kí kọ́ńpìnì dá a padà díẹ̀díẹ̀". Màmá kan ló dá a lábàá, a tún rẹ́rìn-ín fún un lọ́jọ́ yẹn.

Àwẹ́ Lọ́yà:

Ẹ lọ kí màmá yẹn kú oríire. Ẹ ṣe fótókópì ojú ewé yẹn, ti téélà, ti rìsíìtì, ti ìwé ọrẹ. Ẹ pín lẹ́tà sí méjì, ọ̀kan lórí owó tíráńsífọ́mà, ọ̀kan lórí bíìlì oṣù mẹ́rin. Ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ti bíìlì yẹn rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, tíráńsífọ́mà tó kú ò lè ṣe iná, ìwé tiwọn náà á ti fi déètì tó kú hàn. Ẹ kó orúkọ àwọn tí ò ní mítà jọ pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì wọn, kì í ṣe "àwa ará àdúgbò", ẹnì kọ̀ọ̀kan lórúkọ ẹ̀. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí wọn ò bá fèsì, àbí èsì wọn ò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ sí ti ìpínlẹ̀, kí wọ́n má tún sọ̀rọ̀ àga fún yín, ẹ ní kí wọ́n gba lẹ́tà kí wọ́n lu òǹtẹ̀.

Baba Kọntíróòlù:

Mo fẹ́ fi kan kún un, torí iṣẹ́ tí mo ṣe. Ní gbogbo sọ́bùsítéṣọ̀n tó ní fídà (wáyà tó ń gbé iná lọ sáwọn àdúgbò), ìwé kan wà tàbí kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń kọ ìgbà tí fídà lọ àti ìgbà tó dé sí, wákàtí sí wákàtí. Ọmọ Ògún, ohun tó o gbé kọ́ ògiri yẹn, ẹ̀dà ẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Èèyàn lè béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ alámòójútó. Tí alámòójútó ìpínlẹ̀ bá fẹ́ kí á mọ̀ pé òun yàtọ̀ sí ti àtijọ́, kó máa gbé ìwé yẹn síta lóṣooṣù, fídà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹ̀. Kò ná wọn ní owó kankan. Mi ò tíì rí ẹni tó ń ṣe é bó ṣe yẹ kó rí.

Ẹ sì tún wo ẹni tó yan alámòójútó. Gómìnà ló ń yan wọ́n. Tí gómìnà bá lè lé wọn lọ́jọ́ tó bá wù ú, wọ́n á máa wojú ẹ̀ ni kí wọ́n tó kọ iye owó iná sílẹ̀. Kẹ́ ẹ lọ ka òfin ìpínlẹ̀ yín ní ibi tí wọ́n ti kọ bí wọ́n ṣe ń yọ wọ́n nípò, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà.

Wẹ́dà Ọmọ Ògún:

Bàbá, fídà tiwa lórúkọ o, mo mọ̀ ọ́n. Mo ń lọ kọ lẹ́tà tèmi náà lọ́la. Àwẹ́, ẹ̀dà méjì, àbí?

Àwẹ́ Lọ́yà:

Ẹ̀dà méjì. Ẹ ya fọ́tò ìwé ara ògiri yẹn kó tó já bọ́.

Sẹ́kítírì Àdúgbò:

Mo padà wá jábọ̀ o, ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lẹ́tà méjèèjì ti wọlé. Ọmọbìnrin tó wà níbi ìgbàlejò kọ́kọ́ ní kí n fi sílẹ̀ lórí tábìlì, mo ní rárá, mo jókòó tì í, mo gbé aṣọ tí mo ń rán jáde, mo ń fi abẹ́rẹ́ rán an. Nígbà tó máa di aago kan ó lọ wá òǹtẹ̀. Ó lù ú, déètì ẹ̀ kò hàn dáadáa, mo ní kó tún un lù, ó tún un lù.

Orúkọ mẹ́tàdínlógójì ló wà lórí lẹ́tà bíìlì. Alága fúnra ẹ̀ ló lọ láti ilé dé ilé gba nọ́ńbà àkáǹtì, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Ṣọlá_Gbẹ̀ẹ́:

Sẹ́kítírì ma, ẹ fi fọ́tò òǹtẹ̀ yẹn síbí, kí ẹ bo orúkọ o. Àdúgbò tiwa náà ń dáwó lọ́wọ́, mo fẹ́ gbé e lọ mítìnnì lọ́jọ́ Sátidé kí wọ́n tó kówó jáde.